Àkọsílẹ̀ Ìpìlẹ̀ Kan fún Gbogbo Ẹ̀rọ AI: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Aládìrẹ Kan ní Òṣogbo

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo ń ṣe ní Òṣogbo, àwọn ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) tí ń jẹ́ ChatGPT àti Gemini ni mo sì fi ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó sórí WhatsApp àti Instagram, àti lẹ́tà sí àwọn ilé ìtura. Ìgbàkígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàkurọ̀sọ tuntun ni mo máa ń ṣàlàyé ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ohun tí ó kọ lánàá kì í bá tòní mu. Lóṣù tó kọjá, ó kọ ọ́ sí oníbàárà kan pé ìda oyin ni a fi ń ya ọnà sára aṣọ wa, àti pé láàárín ọjọ́ méjì ni aṣọ yóò dé ọwọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan ní ìwé kan tí AI máa ń kà kí ó tó ṣe iṣẹ́. Kí ni kí n kọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe gùn tó, ṣé Yorùbá ni kí n fi kọ ọ́ ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?"

Ìdáhùn: Àrẹ̀dú o. Inú mi dùn pé ẹ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìda oyin yẹn, nítorí pé òun gan-an ni yóò jẹ́ kí n lè ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ kò mọ ṣọ́ọ̀bù yín, kò sì rí ìkòkò aró yín rí. Ọ̀rọ̀ tí àìmọye ènìyàn ti kọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, títí ó fi mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá sọ fún un pé aṣọ aláró tí a fi ọwọ́ ya ọnà sí ni ẹ ń tà, tí ẹ kò sì sọ ohun tí ẹ fi ń ya á, yóò mú ohun tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ó ti kà, yóò sì fi dí àlàfo náà. Ìda ni wọ́n fi ń ṣe bátíìkì àwọn ará Indonéṣíà, ìda náà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe kámpálà tiwa níhìn-ín, nítorí náà ìda ni yóò bọ́ sí i lẹ́nu. Ọjọ́ méjì tí ó dá fún oníbàárà yín náà, ibi kan náà ni ó ti wá: irú ìlérí tí àwọn ilé ìtajà ńláńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ṣe ni, àwọn tí kì í ṣe pé wọ́n ń dúró de oòrùn kí aṣọ wọn tó gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àlàfo yìí jẹ́ ìwọ̀n tí ẹ ó fi máa díwọ̀n gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ kọ sínú àkọsílẹ̀ yìí, ìyẹn ìwé tí AI yóò máa kà kí ó tó ṣe iṣẹ́ fún yín. Ẹ̀rọ AI kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ dídùn. Ó ní in ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ohun tí kò ní ni òótọ́ tí ó jẹ mọ́ tiyín nìkan. Nítorí náà, ohun tí ó lè mọ̀ láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un, bí i pé aṣọ àdìrẹ rẹwà, ẹ má ṣe fi ààyè ṣòfò lórí rẹ̀; ohun tí yóò ṣì mú bí ẹ bá dákẹ́, òun ni kí ẹ kọ ní kíkún. Mo ti ka àkọsílẹ̀ tí ó tó ogún tí àwọn oníṣòwò ìlú yìí kó wá bá mi, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó sì bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, "Àwa ni aṣíwájú nínú ọjà tí ó gbayì." Ẹ fi orúkọ alágbẹ̀dẹ tàbí ti aṣerunlóge rọ́pò orúkọ tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ẹ̀rọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjà fúnra rẹ̀. A kì í fi ọ̀nà ikùn han ọ̀fun, n kò sì ní kọ́ yín ní iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun tí ó ti di bárakú fún yín ni ẹ máa ń gbàgbé láti sọ. Àpẹẹrẹ bí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ṣe lè rí nìyí, kí ẹ tún un ṣe bí ti ilé iṣẹ́ yín bá ṣe rí: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni a ń ṣe ní Òṣogbo. Ẹ̀kọ láfún ni a fi ń ya ọnà sórí aṣọ funfun, ìyẹ́ adìẹ ni a sì fi ń ya á. A kì í lo ìda, a kì í sì ṣe kámpálà. Ojú kan ṣoṣo ni a ń ya ọnà sí, nítorí náà ẹ̀yìn aṣọ máa ń dúdú nítorí pé aró mu ún dáadáa. Kì í ṣe àbùkù. Àwọ̀ aṣọ kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èkejì, nítorí pé bí a bá ṣe ń ri aṣọ bọ aró léraléra ni aró inú ìkòkò ń rọ̀."

Ẹ wo gbólóhùn tó sọ nípa ẹ̀yìn aṣọ yẹn. Láìsí i, bí oníbàárà bá béèrè ìdí tí ọnà kò fi hàn lẹ́yìn, ẹ̀rọ yóò tọrọ àforíjì, yóò sì ṣèlérí láti pààrọ̀ aṣọ tí kò ní àbùkù kankan. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan tí mo mọ̀, ó sì pààrọ̀ aṣọ náà nítorí pé ojú ń tì í láti sọ pé ẹ̀rọ ni ó kọ lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn aṣọ yìí gan-an ni ẹ lè fi dá tiyín mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ máa tọrọ àforíjì lé lórí ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ́wọ́ yín.

Nípa aró, ẹ jẹ́ olóòótọ́ pátápátá. Bí ẹ bá ń lo èlú tí ẹ gún, tí ẹ sì fi omi eérú ṣe, ẹ kọ bẹ́ẹ̀. Bí aró òyìnbó tí wọ́n ń fi kọ́sítíìkì ṣe ni ẹ ń lò, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú, kí ẹ sì fi kún un pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kọ pé láti ara ewé ni àwọ̀ náà ti wá. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹ̀rọ AI kò lè rí aṣọ tí a fi ọwọ́ ṣe kí ó má sọ pé ewé àti egbò ni wọ́n fi pa á láró, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, sì ka ọ̀rọ̀ ìpolówó tí ń ṣini lọ́nà léèwọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó dáhùn fún un. Kò sí ẹni tí yóò pe ẹ̀rọ lẹ́jọ́.

Apá kejì ni ó yẹ kí ó gba àkókò yín jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò: ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníbàárà gan-an. Ẹ jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ ṣí WhatsApp yín, kí ẹ sì ka ìtàkurọ̀sọ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, títí kan àwọn tí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ kọ ìbéèrè wọn àti ẹ̀sùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ má ṣe tún un ṣe. Bí ẹnì kan bá sọ pé, "Ṣé kò ní ṣí sí mi lára lọ́jọ́ ìnáwó?" ẹ má ṣe yí i padà sí "àníyàn nípa bí àwọ̀ ṣe lálòpẹ́ tó." Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní ara nínú, ó ní ọjọ́ ìnáwó nínú, ó ní ìtìjú nínú, ìpolówó tí ó bá sì dáhùn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ yóò wọ oníbàárà mìíràn lọ́kàn, torí pé bí òun náà ṣe ń rò ó nìyẹn. Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdáhùn tí ẹ̀yin fúnra yín máa ń fún wọn. Fún ti àwọ̀ yìí, ó lè jẹ́ pé aró máa ń yọ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, nítorí náà kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, kí wọ́n sì sá a sí ibòji. Ìdáhùn tí ó gbà pé nǹkan kan lè ṣẹlẹ̀ ṣeé gbà gbọ́ ju èyí tí ó ní kò sí ewu rárá.

Bí ẹ bá ti ń ka ìtàkurọ̀sọ wọ̀nyí, ẹ ó rí i pé oníbàárà yín kì í ṣe ẹ̀yà kan. Àwọn tí ń ra aṣọ ẹbí yàtọ̀ sí àlejò tí ó wá wo ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí ilé ìtura tí ń wá aṣọ fèrèsé. Fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin ní gbólóhùn díẹ̀: kí ni wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀ tí ó sú wọn, kí ni ó fà wọ́n wá sọ́dọ̀ yín, kí ni ó ń dá wọn padà sí èyí tí wọ́n ti mọ̀, kí sì ni ẹ̀rù tí ń bà wọ́n? Fún àwọn aláṣọ ẹbí, ohun tí ń dá wọn padà lè jẹ́ pé aǹkárá wà ní ọjà, wọ́n lè rà á lónìí kí télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lọ́la. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ẹ ń bá du oníbàárà kì í ṣe aládìrẹ ẹgbẹ́ yín nìkan. Ìrọ̀rùn aǹkárá wà níbẹ̀, ayédèrú olówó pọ́ọ́kú náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún ẹ̀rọ pé kò gbọ́dọ̀ dárúkọ oníṣòwò kankan láti bú u.

Ẹ kọ ẹni tí ọjà yín kò wà fún pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ọlọ́jà láti sọ pé òun kò fẹ́ oníbàárà kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ igba aṣọ tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ rárá, tí ó sì fẹ́ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú òjò oṣù Keje, ìjà ni ó ń bọ̀ wá jà. Bí ẹ bá kọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ ń gbà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti iye tí ó ń gbà ní ìgbà òjò, pẹ̀lú iye aṣọ tí ọwọ́ yín ká ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rọ kò ní dá ọjọ́ méjì fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ti ẹ̀rí, ẹ kọ èyí tí ẹ lè fi hàn nìkan: iye ọdún tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí ó kọ́ yín bí ó bá gbà kí ẹ dárúkọ òun, ìlú tí ẹ ti fi aṣọ ránṣẹ́ sí rí. Ìṣìnà méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ tètè dínà rẹ̀. Èkíní ni pé ẹ̀rọ mọ Abẹ́òkúta mọ́ àdìrẹ, torí pé òkìkí ọjà Ìtòkú tó wà níbẹ̀ kàn jìnnà, nítorí náà yóò máa sọ yín di ará Ẹ̀gbá. Ẹ kọ ọ́ pé Òṣogbo ìlú aró ni ẹ wà, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ tì í lẹ́yìn nípa àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ níhìn-ín. Èkejì ni ó burú jù. Igbó Ọ̀ṣun wà nínú àkójọ ogún àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005, ẹ̀rọ yóò sì fẹ́ so aṣọ yín mọ́ ọn bí ẹni pé UNESCO fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni ti igbó náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ẹ̀rí fún ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ìtumọ̀ ọnà: ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ní òpó gbọ̀ngàn Mápó ìlú Ìbàdàn nínú, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i lára aṣọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àwòrán ọnà tí ẹ̀yin fúnra yín dá han ẹ̀rọ, yóò fún un ní ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ tí baba ńlá ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ẹ kọ ìtumọ̀ èyí tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì pàṣẹ pé kí ó má ṣe dá ìtumọ̀ kankan sílẹ̀ fún èyí tó kù.

Ní ti ohùn tí ẹ fẹ́ kí ó fi máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ bí "ọ̀yàyà" àti "ìbọ̀wọ̀" kò tó. Ẹ fún un ní ìfiránṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀yin fúnra yín kọ tí ẹ sì fẹ́ràn, àti ọ̀kan tí ẹ kórìíra, kí ẹ sọ ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ ti Yorùbá, ẹ pa á láṣẹ pé "ẹ" ni kí ó máa fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kì í ṣe "o", nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì tí ó pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ya àgbà sọ́tọ̀ sí ọmọdé. Ẹ tún fi àkójọ kékeré àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín sí i pẹ̀lú àmì wọn tó péye. Iṣẹ́ yín kò fàyè gba àṣìṣe àmì: bí "aró" bá di "arọ", ó ti bọ́ sí ẹnu èébú, bí "ẹ̀kọ" bá sì di "ẹ̀kọ́", àwọn ènìyàn yóò rò pé ilé ìwé ni ẹ dá sílẹ̀. Àkójọ yìí yóò dín àṣìṣe kù, kò ní pa á run, nítorí náà ojú yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá kí ó tó jáde.

Ìyẹn mú wa dé ìbéèrè yín nípa èdè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ oníbàárà sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, yálà Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì tàbí àdàlù méjèèjì. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀, ẹ ti sọ ohun tí ẹ lọ wá nù. Àlàyé tó kù, èdè tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn jù láti fi sọ òótọ́ ni kí ẹ lò. Bí kíkọ bá ń nira fún yín, ẹ tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ inú fóònù nídìí ìkòkò, kí ẹ máa sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọ iṣẹ́ tuntun sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan bá yín kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò gbà yín níyànjú pé kí ẹ jẹ́ kí AI wo ojú ewé yín lórí Instagram, kí ó kọ àkọsílẹ̀ náà, kí ẹ̀yin sì máa tún un ṣe. Ọ̀nà yẹn yára, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ènìyàn tètè máa ń rí ohun tí kò tọ́ nínú ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Kì í tètè rí ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni a sì ń wá. Èyí tí mo fẹ́ràn ni pé kí ẹ ní kí AI máa bi yín ní ìbéèrè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ó má sì béèrè èyí tó kàn títí ẹ ó fi dáhùn. Yóò yà yín lẹ́nu nígbà tí ẹ bá rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ojú ewé méjì sí mẹ́ta lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, àṣẹ pàtàkì yóò bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀rọ sì lè má kà á sí mọ́. Yorùbá alámì sì máa ń gba ààyè nínú ẹ̀rọ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé wẹ́wẹ́ ni ó ń gé ọ̀rọ̀ wa kí ó tó kà á. Ẹ má ṣe fi iye owó sínú rẹ̀. Owó aṣọ funfun àti ti aró lè yí padà kí oṣù tó parí, àkọsílẹ̀ tí iye owó rẹ̀ ti di ti àtijọ́ yóò sì fa àríyànjiyàn. Ẹ ní ewé kékeré mìíràn fún iye owó, kí ẹ fi ọjọ́ sí i lórí. Ẹ má sì fi orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí àdírẹ́sì oníbàárà kankan sí i. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 wà fún irú rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì nílò rẹ̀ láti lè kọ ìpolówó.

Ẹ tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, kì í ṣe àwòrán, kì í ṣe ohun tí a fi fóònù yà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń lo Markdown, èyí tí kò ju pé kí ẹ fi àmì # síwájú àkòrí kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀rọ tí kò lè kà á, ẹ kò sì ní di ẹrú ilé iṣẹ́ kan. Nínú ChatGPT, àyè kan wà tí wọ́n ń pè ní Projects, Gemini sì ní Gems. Ibẹ̀ ni ẹ ó gbé e sí, kí gbogbo ìtàkurọ̀sọ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lè máa rí i. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ẹ̀rọ ti ń rántí ohun tí a bá a sọ tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun ni ó sábà máa ń yan ohun tí yóò rántí, ìrántí ChatGPT kì í sì í fúnra rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Gemini. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà kan ṣoṣo jẹ́ ojúlówó, kí ó ní ọjọ́ tí ẹ tún un ṣe kẹ́yìn; ibẹ̀ ni kí gbogbo àtúnṣe ti máa bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ dán an wò nínú ìtàkurọ̀sọ tuntun. Ẹ bi í ní ohun tí ó wà nínú àkọsílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ bi í ní ohun tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yọ sílẹ̀, fún àpẹẹrẹ, ṣé ẹ máa ń dá owó padà? Bí ó bá dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú, àṣẹ kan ṣì kù tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sókè pátápátá: pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé yìí, kí ó béèrè lọ́wọ́ yín kí ó tó kọ ọ́. Kí ẹ tó gbé e fún ẹ̀rọ kankan, ẹ fún ọmọ iṣẹ́ yín tí ó máa ń dáhùn WhatsApp kí ó kà á sókè sí etígbọ̀ọ́ yín. Ibi tí ó bá ti rẹ́rìn-ín, ẹ tún ibẹ̀ kọ.